Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Fẹsẹ̀ Kó Ẹja Adágún

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ohun tójú mi rí ní Ẹ̀pẹ́ fún yín. Ó ti pẹ́ gan-an, ayé òyìnbó ṣì ni. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bá wí o!

Ìkòròdú ni mo wà nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ti ṣaláìsí. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú opó ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n máa bọ̀, ẹbí bàbá mi fẹ́ gba adágún bàbá mi lọ́wọ́ àwọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ irú adágún yẹn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àbàtà kan wà lẹ́yìn ìlú tí omi ọ̀sà máa ń bò mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, ẹja á há sínú àwọn kòtò ńlá táwọn baba wa gbẹ́ síbẹ̀. Àrọ̀ ńlá, epìyà, oríṣiríṣi! Òfin ibẹ̀ kan ṣoṣo ni: bó o bá kó ẹja adágún rẹ kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, ìwọ lo ṣì ni ín. Bí òjò bá bá ẹja nínú ẹ̀, o ti fi í sílẹ̀ nìyẹn, ẹbí á gbé e fún ẹlòmíì.

Ẹja adágún yẹn ni ìyá mi ń yan tà. Òun ni wọ́n fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn àbúrò mi. Bó bá lọ, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?

Wàyí o, àwọn ọkùnrin ló máa ń fi igbá gbọ́n omi adágún títí á fi gbẹ, wọ́n á wá máa ṣa ẹja. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Lámídì, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí, lọ kìlọ̀ fún gbogbo ọkùnrin àdúgbò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ìyàwó àbúrò àwọn gbọ́n omi. Wọ́n ní kí ìyá mi náà má fọwọ́ kan igbá, pé èèwọ̀ ni, obìnrin kì í gbọ́n adágún. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹ ò jẹ́ kí ọkùnrin wá, ẹ ò jẹ́ kí obìnrin ṣe é. Ṣé kí ẹja fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wálé ni?

Inú bí mi, mo fẹ́ lọ bá Bàbá Lámídì nílé wọn. Ẹnu mi mú nígbà yẹn. Ó ṣì mú! Ìyá mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ń bá àgbà jà kì í ráyè ṣiṣẹ́, òjò sì ti ń ṣú.

Èjìnrìn la gbà lọ, lọ́jọ́ ọjà. Ibẹ̀ ni Ìyá Múrí wà, ọ̀rẹ́ ìyá mi tí wọ́n jọ ń yan ẹja. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n wá ń bi ìyá mi bóyá igbá nìkan ni wọ́n dárúkọ.

“Igbá nìkan ni.”

“Wọn ò dárúkọ ẹsẹ̀?”

“Wọn ò dárúkọ ẹsẹ̀.”

Làwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, obìnrin ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Àwọn ayanja Èjìnrìn ni, oníkálukú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ìyá mi ká ìró wọn sókè, wọ́n ní bìsìmílláì, wọ́n wọ inú adágún, omi dé wọn níbàdí. Gbogbo wa tẹ̀ lé wọn.

A ò gbọ́n ẹ̀kán omi kan. Ńṣe la di ara wa lọ́wọ́ mú, tá a ń fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ láti etí kan dé èkejì, tá a ń lọ, tá a ń bọ̀, tá a ń kọrin. Omi rú, ó ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹja ò rí èémí mí mọ́, ni wọ́n bá ń yọ ẹnu síta. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi apẹ̀rẹ̀ bù wọ́n. Ọlọ́run mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí!

Ibi tá a ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni ẹ̀gún àrọ̀ ti gún mi lẹ́sẹ̀. Mo kígbe! Ìyá mi fa ẹ̀gún náà yọ, wọ́n ya etí gèlè wọn, wọ́n fi dì mí lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní bó bá dùn mí jù kí n jókòó sókè, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi wí. Àrá sán lápá Ìbẹ̀ṣẹ̀. Mo wo ojú wọn, mo padà sínú omi.

Kò pẹ́ ni Bàbá Lámídì dé pẹ̀lú baálẹ̀ àdúgbò, wọ́n ti ń pariwo èèwọ̀ láti ọ̀nà. Baálẹ̀ wò yí ká, wọ́n ní kí wọ́n fi igbá tí obìnrin fi gbọ́n omi han àwọn. Kò sígbá! Baálẹ̀ ní bí kò bá sígbá, kò séèwọ̀. Àwọn obìnrin hó yèè.

A gbé apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn sókè ni ẹ̀kán òjò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìyá mi mú àrọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n lọ bá Bàbá Lámídì, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹja àdágbà inú adágún àbúrò yín rèé. Ẹ̀yin ni bàbá wa. Ẹ gbà á.”

Ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ni adágún ló ń mú ẹja tó tóbi jù, tá a ń pè ní àdágbà, fún olórí ẹbí. Bí olórí ẹbí bá gbà á, ó ti gbà pé ìwọ lo ni adágún!

Bàbá Lámídì wo ẹja, wọ́n wo àwọn obìnrin, wọ́n wo baálẹ̀. Òjò ń pa wá, ìyá mi ò dìde.

Bàbá Lámídì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ní, “Ìyàwó, dìde, òtútù á mú ọ.”

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò bá ìyá mi du adágún mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo ti rí alágbára púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ borí bí ìyá mi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé téèyàn bá ṣẹ́gun tán, kó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí òun ṣẹ́gun láti bá a jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni obìnrin ilé yín tó fi ọgbọ́n gba nǹkan yín là? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún wa, ẹ má gbàgbé láti dárúkọ ìyá yẹn.