Píríàmpù fún Ohùn Ìyá Mi: Láti Abẹ́òkúta sí Ajégúnlẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé ní Abẹ́òkúta, àmpù àti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì Bàbá wà nínú àpò mi. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn ìyá mi olóògbé kù sí: orin tí ó dá kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá sọ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyá mi fi kọ ọ́. Èmi rántí ohùn òkè. Etí Bàbá sì ti ń wúwo sí i. Àmpù kíláàsì D, irú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí mo rà fún un láti sọ ohùn di ńlá fúyẹ́, kì í gbóná, ṣùgbọ́n ohùn tí ó ń ti inú rédíò wá kéré jù fún àmpù náà. Píríàmpù, ẹ̀rọ tí à ń so ṣáájú àmpù, ni yóò gbé ohùn náà sókè kí ó tó dé inú àmpù. Bí píríàmpù bá sì ń pariwo, àmpù yóò sọ ariwo náà di ńlá. Nípa ẹ̀rọ, ọkàn mi balẹ̀. Ìrántí mi ni n kò fọkàn tán.

Ní Coconut, ibùdókọ̀ tí ó kù díẹ̀ kí a dé Ajégúnlẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà láàárín àwọn awakọ̀ tírélà. Nílé, ẹlẹ́wà á kọ́kọ́ béèrè bóo ṣe sùn, níbí, "Ti èló?" ni ìkíni.

Kẹ̀kẹ́ gbà Malu Road gbé mi dé Ajégúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Sikiru, tí ń ta ẹ̀rọ àlòkù nínú kọ̀nténà tí ó sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé píríàmpù tí iná rẹ̀ pọ̀ jù síwájú mi, ó fi fújì orí fóònù rẹ̀ dán an wò.

"Àǹtí, this one dey scatter ground," ó wí, ìyẹn ni pé ó lágbára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa orin náà, kẹ́ ẹ wá yí i sókè."

"Láìsí orin kẹ̀? Ṣé ìdákẹ́jẹ́ lẹ wá rà ni?"

"Òun gan-an ni."

Ariwo tírélà kò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan, ló bá ti ilẹ̀kùn kọ̀nténà mọ́ wa. Ooru mú. Nínú òkùnkùn, oníná púpọ̀ náà ń hó bí òjò. Ìkejì ń kùn. Ìkẹta, kékeré, tí eruku bò, kò fọhùn rárá. Mo so rédíò Bàbá mọ́ ọn, ẹgbẹ́ akọrin tí ó ṣáájú orin ìyá mi nínú kásẹ́ẹ̀tì sì jáde kedere. Mo pa á kíákíá, kí n má baà gbọ́ ìyá mi ṣáájú Bàbá.

"Ẹ ti fẹ́ sè mí tán," Bọ̀dá Sikiru wí, ó ń nu òógùn. "Ká ní mo mọ̀ pé ó dáa tó báyìí ni, ǹ bá ti fowó lé e."

Mo sanwó píríàmpù kékeré náà, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì délé. A ti fèrèsé, mo so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀, mo tan kásẹ́ẹ̀tì, Bàbá fi ọwọ́ sẹ́yìn etí.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni ohùn ìyá mi, ó jìn, ó nípọn. Ohùn òkè tí mo ti ń gbọ́ nínú orí mi láti ọdún pípẹ́, n kò mọ ẹni tó ni ín. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ènìyàn lè fẹ́ràn ẹnìkan tọkàntọkàn kí ó sì ṣì í rántí. Bàbá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn," ó wí. "Sí ibi tí ìyá rẹ ti mí kó tó bẹ̀rẹ̀ orin."