Ìlú Tí Kò Sí Nínú Máàpù

Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá máàpù ní ilé ìkàwé fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ máàpù ńlá kan sórí tábìlì. Òórùn àpótí aṣọ tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́ jáde lára rẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí Bàbá rọra. Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Gọ́ọ̀mù bàtà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀.

Aládùúgbò wa ni ní Bertrams, nílẹ̀ òkèèrè tí à ń gbé. Iwájú ilé ló ti ń tún bàtà ṣe, èmi a sì jókòó tì í tí mo bá ti iléèwé dé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà nítòsí máa ń fi ìlú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ṣé iná ti dé abà yín?"

"Abà bàbá ẹ! Ìlú aládé ni."

"Ta ló gbọ́ ọ rí?"

Ìgbà tó gbọ́ pé máàpù àtijọ́ ilẹ̀ wa wà ní ilé ìkàwé ńlá láàárín ìlú, ó ní tí wọ́n bá kọ ìlú òun síbẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Ó mú mi dání torí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Mo rí Iléṣà, mo rí Adó.

"Tún un wò, ọmọ mi."

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

Ó ní kí n fi odò han òun. Ìka rẹ̀ tẹ̀ lé e lókè, láì kan ìwé, ó dúró níbi tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. "Ibí ni wọ́n bí mi sí."

Èmi nìkan ni mo bá a lọ. Mo rò pé yóò purọ́, mo sì ti múra láti gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ tó ń tajà náà bi í, ó ń kan ìṣó mọ́ bàtà lọ, ó ní, "Kò sí níbẹ̀." Ẹ̀rín sọ. Ó mú ìṣó mìíràn. "Ibẹ̀ náà ni mo ti wá."

Mo ti dàgbà; Bruma, tí kò jìnnà sí Bertrams, ni mo ti ń tún fóònù ṣe báyìí. Ìlú bàbá tó bí mi kò tóbi ju ti Bàbá lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà àgbàlagbà kan gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó bi mí pé ọmọ ìlú wo ni mí. Mo ní Ìbàdàn, bí mo ṣe máa ń sọ. Inú rẹ̀ dùn; ọmọ Ìbàdàn lòun náà.

"Ọmọ agboolé wo ni ẹ́?"

Mo tẹjú mọ́ fóònù ọwọ́ mi. N kò lè sọ pé mo jogún ìgboyà Bàbá. Ohun tó fi sí mi lára ni pé n kì í lè pa irọ́ náà kó má dùn mí.