Ẹ Lọ Mu Tíì

"Ẹ lọ mu tíì." Bí ọ̀gá wa ní àdúgbò Gounghin ṣe máa ń lé wa síta nìyẹn, nígbà tó bá ti kan kó to ẹ̀rọ tó ń lọ jéró pọ̀. Òun ló ronú ẹ̀rọ náà, ó sì pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Èmi ń gé páànù, jórinjórin ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Mòsí kan ń rọ irin inú. Àwọn obìnrin ń ti àdúgbò Pissy wá rà á.

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, á sì fa kọ́tìnì dé ara rẹ̀ mọ́lé. Ó ní tí òun bá kọ́ wa ní títò rẹ̀, kálukú á lọ dá ti ẹ̀ sílẹ̀.

Jórinjórin bi í lọ́jọ́ kan: "Ọ̀gá, bí àìsàn bá dé ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ mu tíì."

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló gbé e lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, a ká kọ́tìnì, a kó ohun tí kálukú ṣe jọ. A tò ó, a tú u, a tún un tò. Ó ń gbọ̀n rìrì, jéró sì ń jáde lódindi bó ṣe wọlé.

Jórinjórin nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì."

A ò padà wọbẹ̀ mọ́.