Wèrèpè Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ògiri ilé mi ní Dutse Alhaji kò tíì parí nígbà tí mo kó débẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, làwọn èèyàn bá sọ ọ́ di ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà síbẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tọ̀ síbẹ̀. Mo pariwo títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, wọn ò gbọ́.

Wèrèpè wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ẹ̀wà inú ọ̀dàn ni. Iná ẹ̀ẹ̀rùn á jó o kanlẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, á tún yọ láti gbòǹgbò. Èso rẹ̀ ní irun pupa tó ń dán. Bó bá kan ara, kí onítọ̀hún máa họra lọ. Ẹni tó ń bá mi roko fẹ́ gé e, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ṣebí wọn ò gbọ́ tẹnu mi, wèrèpè á bá wọn sọ ọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹsẹ̀ fi dá níbẹ̀. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Ọyẹ́ wá dé. Aládùúgbò mi, obìnrin Okun kan tó fún mi lómi kànga rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń kọ́lé, sá aṣọ ọmọ rẹ̀ jòjòló sórí okùn. Afẹ́fẹ́ gbé irun wèrèpè dà sí i. Odidi ọjọ́ kan ni ọmọ fi ké, gbogbo ara rẹ̀ lé. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sọ́sibítù. Ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí gan-an.

Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, mo lọ kí wọn, ìyá rẹ̀ sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ní wèrèpè ẹ̀yìnkùlé mi ló fà á, mo ti ní kí wọ́n hú u. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀. Ọkọ òun ló ń bínú, tó ní mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, àwọn méjèèjì sì ti jà lórí rẹ̀. Ó ní òun bi í pé, ọmọ tí wọ́n bí sí Garki bíi tèmi, níbo ló ti fẹ́ mọ wèrèpè?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo Kérésì ni wọ́n ń gbé wa lọ sí Èkìtì. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ tí ìyá ìyá mi ti fi wèrèpè hàn mí níbẹ̀. Mo lè dákẹ́. Obìnrin náà ti bò mí láṣìírí láìmọ̀.

“Àǹtí, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ gé e, èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.”

Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó pọ̀n ọ́n.

“Ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ mi láti àná nítorí rẹ,” ló wí. “Jẹ́ kí n lọ bẹ̀ ẹ́.”