Ọtí Tí Mo Pọn ní Ìkòyí

Òórùn ọtí tó kan ni mo fi ń rántí ọdún tí mo ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé òyìnbó kan ní Ìkòyí. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń wọkọ̀ lọ láràárọ̀. Ojú máa ń tì mí púpọ̀ nígbà náà. Yàtọ̀ sí ilé kéwú, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, bí ènìyàn bá sì bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ọ̀gá mi fẹ́ràn ọtí ìlú wọn. Inú agolo ni wọ́n ń di èròjà rẹ̀ sí ránṣẹ́ sí i: omi ọkà bálì tó dúdú, tó ki bí oyin, pẹ̀lú ìwúkàrà nínú bébà kékeré. Kúkù, ọkùnrin tó ń dáná fún wọn, ló ń pọn ọn. Yóò fi omi gbígbóná àti ṣúgà pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, yóò bu omi tútù sí i, yóò wọ́n ìwúkàrà lé e, yóò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù kí ó lè tètè wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọtí náà kan. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kúkù nawọ́ sí mi níwájú màdáámù, ìyàwó ọ̀gá. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó tún fi Yorùbá sọ ọ́ kí n lè gbọ́ dáadáa:

"Ọmọ yìí ni! Ó ń ṣe nǹkan oṣù, ó wá ń gbálẹ̀ kíṣìnì. Nílùú wa, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń pọntí."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Màdáámù kò gba ti nǹkan oṣù gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé èmi ni mo ṣí ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì wò tí ọtí fi kan. Ó ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, kí n máa lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi àgbà, níbi tí mo ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orí iyanrìn tútù ni àmù omi máa ń wà, àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sómi sì máa ń wà lára rẹ̀. Bó ti wù kí oòrùn mú tó, omi inú rẹ̀ kì í gbóná. Níbi tí mo ti ń bu omi mu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti yé mi pé ooru sítóòfù ló ba ọtí jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kúkù ti kánjú jù.

Mo dúró di ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi dé, mo wá tọ màdáámù lọ. Mo ní kí ó fún mi ní agolo èròjà kan tó kù, kí èmi náà fi pọntí. Kúkù bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí ohùn rẹ kì í jáde láti kí èèyàn! Àbí ilé kéwú ni wọ́n ti kọ́ ẹ lọ́tí pípọn?"

"Ẹ máa wò ó, bọ̀dá."

Màdáámù gbé agolo náà fún mi. Bí kúkù ti ń pò ó ni mo pò ó, ṣùgbọ́n inú bàsíà omi tútù ni mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí lábẹ́ ìbòòji, mo fi àpò tútù wé e, mo sì ń pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí kò hó mọ́, mo rọ ọ́ sínú ìgò, a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, ọ̀gá mu ún, ó ní kí wọ́n bu fún kúkù náà. Kúkù mu ún tán, ó lá ìfòfó ara irunmú rẹ̀, ó tún na kọ́ọ̀bù.

"Ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ mọ́ o."

Mo wò ó lójú. "Bọ̀dá, lọ́jọ́ tí mo pọn ọn, nǹkan oṣù mi wà lára mi. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ dúró dè é ni."

Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

Wọn kò lé mi mọ́. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí àwọn òyìnbó náà fi padà sílé. Títí dòní, ojú ṣì ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ mi, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi dójú tì mí mọ́.