Sísọ́ọ̀sì Tí Bàbá Mi Fi Búra

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní ilé ìgbẹ̀bí wa ní Ìjurìn. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí gbogbo ìwé wa ń lọ sí Àkúrẹ́. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àwọn ọmọ mi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kí n tó gbọ́ pé àwọn sójà ń wá nọ́ọ̀sì. Má rẹ́rìn-ín o! Láti kékeré ni aṣọ sójà ti ń wù mí.

Fọ́ọ̀mù náà ní ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ wá, àyàfi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jọ wọ́n lójú. Ọ̀gá mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú: "Gé ọdún márùn-ún kúrò, kí Bàbá lọ búra fún ọ ní kóòtù." Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìwọ náà mọ̀. Àwa kò ní ìwé ìbí. Àgbà ilé ẹni ló ń lọ búra ọjọ́ orí fúnni.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé Ògún ni bàbá mi ń bọ, irin ló sì máa fi ẹnu kàn ní kóòtù. Nígbà tí mo délé ní Ìjerò tí mo sọ ọ́ fún un, ó gbé iṣu tó ń bó sílẹ̀.

"Ọdún tí mo gbin kòkó ọ̀nà Ayétòrò la bí ọ. Ṣé kí n fi ẹnu kan urin, kí n ní igi kòkó ṣe ẹ̀gbọ́n ọmọ mi?"

"Wọn ò ní gbà mí, Bàbá."

"Kí wọ́n má gbà ọ́. Wàá padà wá sí ulé, a ó jọ jẹ uṣu."

Inú bí mi débi pé mo sunkún. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni fọ́ọ̀mù náà fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí mo bá jókòó, kò sẹ́ni tó máa lé mi. Bí mo bá lọ pẹ̀lú ọdún mi, wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Níkẹyìn, mo ní tí wọ́n bá máa lé mi, èmi gan-an ni kí wọ́n lé.

Ní kóòtù, akọ̀wé na irin ibẹ̀ sí bàbá mi, ó kọ̀ ọ́. Ó ní kí n mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé ìwọ́ ọmọ jáde nínú báàgì. Ó fi ẹnu kàn án. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọmọ mi," ó ní. Orí mi wú.

Obìnrin sójà tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò wo ìwé náà, ó wò mí. "Kí ló dé tí o ò gé e kù?"

"Sísọ́ọ̀sì iṣẹ́ mi ni bàbá mi fi búra, mà. Mi ò fẹ́ máa bẹ̀rù ohun tí mo fi ń gbẹ̀bí."

Ó wá béèrè iye ọdún tí mo ti ń dá gbẹ̀bí láìsí dókítà. Wọ́n gbà mí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ka ọjọ́ orí mi sókè lójú gbogbo èèyàn. Bàbá mi ti kú nígbà náà, ṣùgbọ́n èmi àti kòkó rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹgbẹ́.