Ebè Olúwa Nínú Oko Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ò tíì ga ju ebè lọ dáadáa, ebè kan wà nínú oko bàbá mi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé usu, ìyẹn iṣu, ni ayé wa níbẹ̀. Èmi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi, Tèmítọ́pẹ́, tó ń lọ sí yunifásítì ní Ìkọ̀lé, ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló ń dà mí láàmú pé kí n sọ.

Lọ́dọọdún, bí a bá ti kọ ebè tán, bàbá mi á yan èbù tó dára jù, á gbìn ín sínú ebè kan, á ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, á ya aṣọ funfun so mọ́ orí igi náà. Á ṣí fìlà, á gbàdúrà ṣókí. Ó parí. Ebè Olúwa nìyẹn. Usu tó bá ta níbẹ̀ la ó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, ì báà tóbi, ì báà kéré. Àlùfáà Sálíù, Mùsùlùmí tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, mọ ebè náà. Tó bá rí wa nítòsí ibẹ̀, á pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ Jósẹ́ẹ̀fù, ẹ má fọwọ́ kan ohun Ọlọ́hun o!" Jósẹ́ẹ̀fù ni bàbá mi ń jẹ́.

Ẹ rántí àsìkò tí usu máa ń tán nílé, tí àgbàdo ò sì tíì gbó. Kókò là ń jẹ láàárọ̀, kókò là ń jẹ lálẹ́. Ìyá mi á bu epo àti iyọ̀ sí i, síbẹ̀ á ṣì máa yún wa lọ́fun. A ó sì máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè Olúwa, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí ara rẹ̀ ti là torí usu tó ń tóbi nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi àti àbúrò mi ki ọwọ́ bọ ibi tó là, ká kàn fi mọ bó ṣe tó. Bàbá mi rí wa láti òkèèrè. Ìgbà tí a délé ló ní ká kúnlẹ̀, ká gbé ọwọ́ sókè. Àkùkọ ìyá mi wá dúró níwájú wa, ó ń wò wá bí ẹni pé òun ni kátíkísì.

Ọmọ ìlú wa kan wá dé láti Gáná. Lọ́jọ́ ìkórè, agolo bisikíìtì ńlá kan ló gbé wá, tó fi bébà dídán wé. Oòrùn ojú fèrèsé bọ́ sí i lára, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Nígbà tó di ọdún kejì, ọ̀nà Ìkọ̀lé ò gba èrò. Ẹni tó ń ra bisikíìtì ń rà, ẹni tó ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń rà, ẹlòmíràn ra abọ́ tánganran olódòdó. Bí usu ṣe di ohun tí ẹni tí kò ní ń gbé wá nìyẹn. N ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tó ń dán dùn-ún wò. Èmi náà ń gbàdúrà pé kí wọ́n já agolo yẹn kí n rí inú ẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Dọ́kásì, àkọ́bí ilé wa. Àkọ́bí obìnrin ló máa ń ru usu síwájú, tí àwọn ará ilé á máa jó tẹ̀lé e. Ọdún yẹn gan-an ni ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní òun ń bọ̀ láti Ọ̀yẹ́ wá bá wa ṣe ìkórè. Gbogbo wa mọ̀ pé ó fẹ́ wá wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ni.

Bàbá mi wá wa usu ebè Olúwa. Ó tóbi lóòótọ́, àmọ́ ìdí ẹ̀ pín sí ìka ìka, ó fẹ̀, ó hu irun, ó burẹ́wà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu: "Dọ́kásì, ṣé ẹsẹ̀ erin lo fẹ́ rù pàdé ìyá ọkọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó gún pọ̀ nínú oko. Ẹ jẹ́ á mú òmíràn. Tàbí ká ra bisikíìtì bíi tàwọn ẹlẹgbẹ́ wa."

Bàbá mi ń fi ọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara usu náà. "Nígbà tí a so aṣọ mọ́ ọn, ṣé a ti rí i ni?"

"Rárá, sà."

"Ká tó rí i la ti fún Un. Ṣé ká wá gbà á padà torí pé a rí i?"

"Ẹ fúnra yín rù ú nígbà náà."

Mo rò pé yóò gbá a létí. Kò gbá a. Ó gbé usu náà, ó sì wọlé lọ. Ìyá mi ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, eyín ẹnu tiwọn ni wọ́n á fi rín in."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ń run ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sáàárín àwọn akọrin, ó wọ bàtà gogoro tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá láti Ọ̀yẹ́ wà níwájú, ó dá ìborùn olówó iyebíye sí èjìká. Bàbá ìjọ pè wá: "Ulé Jósẹ́ẹ̀fù Àgbẹ̀!" Bàbá mi gbé usu náà lé èjìká. Ìyá mi tẹ̀ lé e, èmi àti àbúrò mi ń jó lẹ́yìn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan ní, "Ẹsẹ̀ erin dé o!" Ìka usu náà ń gún bàbá mi lọ́rùn. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà, ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó dúró. Ẹ̀rín pọ̀ sí i.

Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn akọrin. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà gogoro náà sórí bẹ́ńṣì, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán bọ́ sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá wa, ó tẹrí ba kó lè gbé e lé e lórí. Kò sí òṣùká. A ò rántí mú òṣùká wá.

Ìyá láti Ọ̀yẹ́ dìde. Ó fa ìborùn yẹn kúrò léjìká, ó ká a rógódó, ó fi ṣe òṣùká lé ẹ̀gbọ́n mi lórí. Ó ní, "Rọra o, ìyàwó mi. Ohun Olúwa wúwo." Òun fúnra rẹ̀ ló dá orin. Ìyẹn ni mo rántí. N ò rántí ẹ̀rín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ọmọkùnrin ìyá yẹn. Títí ó fi sùn nínú Olúwa, kò sí ọdún tí kò so aṣọ funfun mọ́ ebè kan lẹ́yìn ulé rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́.

Ní báyìí, ìkórè wa dùn-ún wò ju tàtijọ́ lọ. Ẹ̀rọ ń gbé àwòrán wa sára ògiri. Lọ́dún yìí, wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti dì láti ṣọ́ọ̀bù ni ká rà, tó ní ríbọ́ọ̀nù, torí ó máa ń dára nínú fọ́tò. Bisikíìtì ará Gáná ti lọ. Abọ́ tánganran ti lọ. Apẹ̀rẹ̀ náà yóò lọ. N ò bá ẹnikẹ́ni jà, èmi tí mo fẹ́ rí inú agolo. Àmọ́ nígbà tiwa, a ti fún Un ká tó rí i. Nísinsìnyí, a máa ń rí i tán, ká tó wá wo èyí tó ṣẹ́ kù tí a lè fún Un.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé oko mọ́. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Tèmítọ́pẹ́ bọ́ bàtà, ó kọ ebè kan ṣoṣo lẹ́yìn ulé. Ebè náà wọ́, mo kàn ń wò ó láti orí àga. Ó gbin èbù, ó so aṣọ funfun mọ́ igi, ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ erin ló ta ńkọ́?"

Mo ní, "Lọ wá òṣùká sílẹ̀."

Ewé rẹ̀ ti gun igi dé òkè báyìí. A ò tíì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀.